A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá: ọ̀rọ̀ lórí àpótí Wi-Fi nínú ilé wa

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.*

Ẹ̀yin yèyé wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ní Osi, ní Iloffa, ní Odo-Owa, ní Eruku àti ní gbogbo ìlú tó wà ní Èkìtì àti Oke-Ero, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ibà, kì í ṣe ti làkúrègbé. Ọ̀rọ̀ Wi-Fi ni. Ẹ má rò pé mo ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ẹ ó sì rí i kí n tó parí rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì ni wọ́n fi jẹ́ mi lórí WhatsApp yìí. Èkíní sọ pé Wi-Fi ń sun ọpọlọ, ó ń ba ilé ọmọ jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ, kí gbogbo ìyá tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀ yọ ọ́ dànù. Èkejì jẹ́ ìpolówó ọjà. Ó ní ilé tí kò bá ní Wi-Fi alápòótí mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní mesh, kò tíì bá ayé mu, kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun tètè san owó rẹ̀ fún òbí wọn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹnì kan náà ló fi méjèèjì ránṣẹ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

N ò gba ti èkíní, n ò sì gba ti èkejì. Ẹni tó ń dẹ́rù bà wá ń fi ohun tí kò sí hàn wá. Ẹni tó ń tajà fún wa ń tà ju ohun tí a nílò lọ. Láàárín àwọn méjèèjì ni owó oògùn wa ń gbà lọ.

*Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an*

Alaalẹ́ ni ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń pè mí lórí fídíò. Bí mo bá jókòó sí yàrá mi, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi bíi fọ́tò, ohùn rẹ̀ á máa já. Ó ní, “Màámi, ẹ ò gbọ́dọ̀ máa jìyà báyìí.” Ó fowó ránṣẹ́. Ọkùnrin tó wá tà á fún mi kò béèrè iye yàrá tí mo ní. Kò béèrè ibi tí mo máa ń jókòó sí. Ó kàn tẹ́ àpótí mẹ́ta kalẹ̀: ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ní yàrá. Ó gba owó, ó lọ. Ilé mi ò sì ju yàrá mẹ́rin lọ o!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ pè. Ojú rẹ̀ tún dúró bíi fọ́tò.

Ọmọ aládùúgbò mi kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, ló bá mi wò ó. Àpótí tó gba síìmù, èyí tí àwọn méjì yòókù ń gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló ti bá a, lábẹ́ tábìlì, ní igun tó jìnnà sí fèrèsé jù lọ. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó yọ àwọn méjì yòókù kúrò lára iná. Ọmọ mi tún pè. Mo rí ojú rẹ̀ kedere. Mo tiẹ̀ rí i pé ó ti rù. Ọmọ aládùúgbò mi ò gba kọ́bọ̀. Àkàrà ni mo dín fún un.

Àpótí méjì ti wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Owó tí wọ́n fi rà wọ́n tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi fún oṣù púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi, òun náà ló jẹ́ kí n kọ eléyìí.

*Kí ni mesh ń ṣe gan-an?*

Ẹ jẹ́ kí n fi akéde ìlú ṣe àpèjúwe. Bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, akéde á lu agogo, á ké e fún ará ìlú. Àpótí Wi-Fi ni akéde yẹn. Fún ìletò kékeré, akéde kan ti tó. Bí ìlú bá tóbi tí ohùn rẹ̀ kò dé àdúgbò kejì, a lè fi akéde mìíràn sí àárín ọ̀nà, kí ó gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, kí ó sì tún un ké. Mesh kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àpótí méjì tàbí mẹ́ta tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn kí ó lè dé gbogbo kọ̀rọ̀ ilé.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá wá tíì jáde láàfin ńkọ́? Kí ni akéde mẹ́wàá fẹ́ ké? Ààfin níbí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wọ inú ilé yín láti ìta, yálà láti orí òpó MTN, Airtel, Glo tàbí èyí yòówù tí ẹ ń lò, tàbí láti inú àwo Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Bí èyí tó ń wọlé bá ń kán tó bíi omi ẹ̀rọ tó fẹ́ gbẹ, mesh kò lè sọ ọ́ di púpọ̀. Pípín ló mọ̀, kò mọ fífi kún. Akéde kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó ké, nítorí náà ọ̀rọ̀ á tún máa falẹ̀ díẹ̀ sí i níbi tí wọ́n bá ti ń tún un ké.

Ẹ tún mọ èyí. Ohùn méjì ni ọ̀pọ̀ àpótí Wi-Fi ní. Èyí tí wọ́n kọ 2.4 GHz sí ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ 5 GHz sí yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ògiri alámọ̀ tó nípọn, búlọ́ọ̀kù, dígí ńlá, fíríìjì àti páànù, gbogbo wọn ló ń dí Wi-Fi lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, 5 GHz tó wà lára àpótí yín kì í ṣe 5G tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ o. Orúkọ ló jọra.

*Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó san owó*

Osi ni Areogun ti wá, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, tó kú ní ọdún 1954. Kò sí agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ tí yóò sọ àáké kalẹ̀ lórí igi tí kò tíì yẹ̀ wò. Ẹ yẹ ilé yín wò kí ẹ tó yọ owó.

*Èkíní:* ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí ẹ ní, kí ẹ pe ọmọ yín lórí fídíò. Bó bá ń já níbẹ̀, ìta ni wàhálà ti ń bọ̀. Mesh kò lè tún un ṣe. Ẹ wo bóyá dátà ti tán, tàbí kí ẹ yá síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ẹ fi dán an wò.

*Èkejì:* bó bá dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ṣùgbọ́n tó ń já ní yàrá, níbo ni ẹ gbé àpótí náà sí? Ẹ gbé e sókè, síbi gbangba, sí àárín gbùngbùn ilé. Bó bá jẹ́ èyí tó ń lo síìmù, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí òpó. Ẹ má fi í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ má tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù.

*Ẹ̀kẹta:* níbo gan-an ni ẹ ti fẹ́ lò ó? Ìyá àgbà tó ń dá gbé, ìjókòó kan ló ní tó ti máa ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ṣé dandan ni kí Wi-Fi dé ibi tí adìyẹ ń sùn sí?

*Ẹ̀kẹrin:* bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì gbà, ṣé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, tàbí agbo ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ògiri rẹ̀ nípọn? Ṣé ilé ìwòsàn ni, tàbí ilé ìwé? Ní irú ibẹ̀, àpótí kejì lè wúlò, n ò ní parọ́. Ẹ fi ọ̀kan kún ọ̀kan ná, kí ẹ wò ó. Bí ó bá ṣeé ṣe láti fa wáyà láti ara àpótí èkíní dé ara èkejì, ìyẹn dára ju kí wọ́n máa ké sí ara wọn lójú afẹ́fẹ́ lọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ ní agbègbè wa, ìbéèrè kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

*Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ńkọ́?*

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé, “Ọ̀rọ̀ owó lo sọ, o ò tíì sọ ti jẹjẹrẹ.” Ó dáa.

Ní ọdún 2011, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní IARC, fi ìtànṣán fóònù àti Wi-Fi sí ìpele 2B. Ìpele yìí túmọ̀ sí pé wọn ò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin, wọn ò sì lè sọ pé kí wọ́n má wò ó mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń dẹ́rù bà wá máa ń dákẹ́ sí. Wọn kì í sọ fún yín pé ìpele yẹn náà ni wọ́n to omi ewé aloe vera sí. Tábà àti ọtí ńkọ́? Ìpele kìíní ni wọ́n wà, níbi tí ẹ̀rí ti dájú. Ṣé ẹ ti rí i kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru pé kí a yọ ìgò ọtí ògógóró kúrò níbi ìsìnkú?

Láti ìgbà náà, ìwádìí kò dúró. Ní ọdún 2024, àyẹ̀wò ńlá kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀, tó kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, jáde. Kò rí i pé lílo fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọpọlọ. Fóònù ni mo wí o, èyí tí a ń gbé mọ́ etí. Agbára tí àpótí Wi-Fi fi ń ké tó bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá wátì. Gílóòbù tó ń tan iná sí pálọ̀ yín lè jẹ wátì mẹ́wàá. Ìtànṣán X-ray lágbára láti ba ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í ṣe é fún aláboyún láìnídìí. Ti Wi-Fi kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà kòrónà. Wọ́n ní 5G ló fà á. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àwọn èèyàn dáná sun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, oṣù kejìlá ọdún 2021 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ìwé àṣẹ 5G fún àwọn ilé iṣẹ́. Ta ló wá fi 5G tí kò tíì wọ̀lú pa àwọn tí kòrónà pa níbí?

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti sítíkà “adènà ìtànṣán.” Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Netherlands kìlọ̀ nípa ọjà mẹ́wàá irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ náà fúnra wọn ló ń tú ìtànṣán tó léwu jáde! Ẹni tó ń sá fún òjò, ó kó sínú odò.

Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, n ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé àpótí náà sí pálọ̀ dípò ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ pa á bí ẹ bá fẹ́ sùn. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ìyá kan tìtorí iṣẹ́ WhatsApp yọ ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ń rí i dànù.

*Ẹ̀tẹ̀ tí a fi sílẹ̀ nìyí*

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kí ni a ń ṣe kí Wi-Fi má bàa kú? A ń tan jẹnẹrétọ̀. Nítorí olè àti òjò, a ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ti ilẹ̀kùn, a sùn. Wi-Fi tí à ń bẹ̀rù kò ṣe wá ní nǹkan kan. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a kò bẹ̀rù ni apani.

Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín yẹn tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé èémí dé ọpọlọ àti ọkàn. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á rọ. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìkankan nínú wọn. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìta gbangba, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bá ẹnì kan nínú ilé tí èéfín ti kún, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé e jáde síta, kí ẹ sì gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Àpótí Wi-Fi kan kì í sábà jẹ iná ju gílóòbù kékeré lọ. Bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún un lè gbé e fún wákàtí mélòó kan láìsí ariwo, láìsí èéfín. Bí owó mesh bá wà nílẹ̀, bátìrì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ẹ̀tẹ̀ kejì ni èéfín igi ìdáná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ní ọdún 2020, èéfín ohun tí à ń fi dáná nínú ilé pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 láyé. Ìyá tó ń bẹ̀rù Wi-Fi ló ń tẹrí ba sí ẹnu ààrò nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Ẹ ṣí ojú fèrèsé, ẹ fi ààyè sílẹ̀ kí èéfín máa jáde, ẹ má gbé ọmọ pọ̀n nídìí iná.

Ẹ̀tẹ̀ kẹta ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ kan náà ṣírò pé ní ọdún 2019, èèyàn bíi bílíọ̀nù 1.28, láti ẹni ọdún 30 dé 79, ló ní in, ìpín bíi 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò sì mọ̀. Kì í fọ́ orí gbogbo èèyàn, kì í gbé àmì kọ́rùn. Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó bá ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn ló jẹ́ kó yá.

*Ohun tí Wi-Fi lè ṣe fún ìlera wa*

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó ń rí ìyá rẹ̀ lórí fídíò á rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wú, á rí i bó bá ń rù, á mọ̀ bí ohùn rẹ̀ bá yí padà. Ẹ lè ya fọ́tò ohun tí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru kọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Àgbà tó ń dá gbé tó ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ìbànújẹ́ kì í tètè rí i gbé ṣe. Àpótí kan tó wà níbi tó yẹ ń ṣe gbogbo èyí.

Ṣùgbọ́n fídíò kì í ṣe ilé ìwòsàn o. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, bí apá kan bá kọ̀ tí kò gbé mọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ má tíì pe Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

*Ọ̀rọ̀ ìparí*

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, a dúpẹ́, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Kí ẹ tó ra ohun tí ẹ rí nínú ìpolówó fún ìyá yín, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Ṣé oògùn yín ò tíì tán? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́yìn? Níbo ni jẹnẹrétọ̀ yín máa ń sùn? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ wá béèrè ti Wi-Fi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ jẹ́ kí a mú un dé ìpàdé. Bí a bá dá owó jọ, ẹgbẹ́ kan lè ra ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó, kí a sì máa wọn ara wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó mọ fóònù lè máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n bá àwọn àgbà gbé àpótí Wi-Fi sí ibi tó yẹ. Àkàrà ni owó iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wo ibi tó wà.

Ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kà á. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi owó ara wa ra ikú. Àmín.